Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo kórìíra àwòrán kan bí ẹni kórìíra orogún. Ọmọdébìnrin kan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fá orí rẹ̀, gáùn tó wọ̀ tóbi jù ú lọ, ó ń sunkún kíkorò, ó sì na ọwọ́ sí ife tánńganran kan. Omi ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, òpó àwọn ilé pákó dúró sínú omi náà. Láti etí àwòrán, ọwọ́ kékeré kan yọ wá, òun ló ń gbé ife náà fún un. A ò rí ojú ẹni tó ni ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọmọ tó ń sunkún yẹn. Ohun tí gbogbo ilé wa sọ fún mi láti kékeré nìyẹn, èmi náà sì ti sọ ọ́ fún àìmọye ènìyàn.

Òpìtàn ni mí. Ní yunifásítì kan lókè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀sà àti òkun, mo ń kọ́ni ní ìtàn àánú: bí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi mílíìkì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, ta ló ń pinnu ẹni tí yóò jẹ àti ẹni tí yóò máa wòran, àti ohun tí ẹni tó gbà á ń rò nínú ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti gbé mi wọ bàálù títí ó fi sú mi. Mo lè jókòó sínú yàrá tí àwọn àjọ aláàánú ń kó ìwé àtijọ́ wọn sí, láti àárọ̀ títí wọn yóò fi lé mi jáde. Bí ẹ bá bi mí ní ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ yìí, mo ní ìdáhùn tó dùn létí fún yín. Òótọ́ rẹ̀ ni pé owú ni.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òkun ya wọ abúlé wa, tí kò jìnnà sí Awóyè. Omi mímu bàjẹ́, ẹja sá, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àjọ kan láti òkè òkun fi ọkọ̀ ojú omi gbé mílíìkì wá. Wọn kì í kàn pín in. Wọ́n ní okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ. Ọmọ tí apá rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa wá mu mílíìkì láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, apá rẹ̀ rí bí ìgbálẹ̀, wọ́n mú un. Wọ́n fi okùn yí tèmi, obìnrin tó ń wọ̀n ọ́n rẹ́rìn-ín, ó fún mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní kí n kúrò lórí ìlà. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé nìyẹn, mo sì gba òdo nítorí pé mo sanra. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran lápá, ibẹ̀ sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò rántí púpọ̀ ju ìyẹn lọ. Mo rántí òórùn mílíìkì lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó bá padà dé, mo sì rántí pé mo máa ń sún mọ́ ọn kí n lè gbóòórùn rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mílíìkì náà wálé. Ojú wọn ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti mu ún, kí àwọn ará ilé má baà bá a pín in. Mo ti kọ odindi orí kan nínú ìwé mi lórí òfin yẹn. Àwọn tó kà á ní mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìmọ̀lára, bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn aláàánú náà mú àwòrán kan wá fún ìyá wa, wọ́n ti fi dígí bò ó. Ó ní ọmọ wọn nìyí, ọmọbìnrin tó ń mu mílíìkì. Ìyá wo àwòrán náà títí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Ọmọ mi ni,” ó sì gbé e kọ́ sára ògiri pákó ní pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, àlejò kì í wọlé wa kó má wo ògiri. Mo gba ipò kìíní nílé ìwé, àlejò á ní kú iṣẹ́ o, ojú rẹ̀ á ti wà lára àwòrán. Mo wọ yunifásítì, èmi ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo ẹ̀bá omi wa lọ́hùn-ún, pásítọ̀ wá gbàdúrà fún mi, kó tó jáde ó dúró níwájú ògiri ó mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi á kàn wò mí, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn máa ń bí mi nínú ju àwòrán náà lọ.

Mo rò pé bí mo bá ti kúrò létí òkun, mo ti bọ́ nìyẹn. Àwòrán náà ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ olú ilé iṣẹ́ àjọ náà lókè òkun, nínú kóòtù tí mo yá, òun ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.” Háà! Wọ́n pe ọ̀gá, ọ̀gá pe ọ̀gá tirẹ̀. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n fún mi ní tíì, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Láti ìgbà náà, àpérò yòówù tí mo bá lọ, bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kan á nawọ́ sókè, inú mi á dùn pé ìbéèrè ti dé. Onítọ̀hún á wá ní, “Ẹ̀gbọ́n yín yẹn, ṣé ó ṣì wà láàyè?” Ó wà láàyè. Ó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ. Kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò wọ bàálù rí, ó sì ti sọ èmi ọ̀jọ̀gbọ́n di àbúrò àwòrán.

Kí ni mo wá ṣe? Mo fi ìwé bá àwòrán náà jà. Mo kọ ọ́ káàkiri pé kò yẹ kí àwọn àjọ máa fi ẹkún ọmọdé tọrọ owó, pé iyì wà lára ẹni tí ebi ń pa, pé ó yẹ kí wọ́n sọ àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kúrò lára ògiri. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, mo ṣì gbà á gbọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n kí n tó rí iyì nínú rẹ̀, owú ni mo ti kọ́kọ́ rí.

Nínú ìwé tó sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, mo tú àwòrán náà palẹ̀ bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Mo ní kí òǹkàwé wo ọwọ́ tí ọmọ náà fi gba ife: ọwọ́ òsì. Láàrin àwa Yorùbá, ẹ̀kọ́ ilé àkọ́kọ́ ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, bí a kì í tií fi í júwe ilé baba ẹni. Mo ní ebi ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ọmọ yìí. Mo wá bọ́ sórí ọwọ́ kékeré tó yọ láti etí. Mo ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ni, ọ̀dọ́bìnrin, àti pé bí àánú ayé ṣe rí nìyẹn, ó ń fúnni, ó ń fi ojú pamọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Wọ́n máa ń há a sórí fún ìdánwò.

Lọ́dún tó kọjá ni àjọ náà kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ tẹ ìwé ńlá kan nípa ìtàn àwọn, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n fẹ́ kó kọ orí àkọ́kọ́ bí kò ṣe èmi. Mo kàn ń rìn káàkiri yàrá mi ni. Ìyàwó mi ní ṣé kò sí o. Ìgbà tí mo padà sídìí ìwé náà ni mo rí ìlà tó kẹ́yìn: àwòrán ẹ̀gbọ́n mi ni yóò wà lẹ́yìn ìwé. Orúkọ mi yóò wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé ayé ti yí padà, nítorí àwọn ìwé bíi tèmi, wọn kò ní í lò ó bí ẹni inú àwòrán bá kọ̀. Wọ́n ní ṣé mo lè bá wọn gba ohùn ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lórí fóònù, kó sọ bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Bó bá kọ̀, ó tán.

Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Mo ti mọ ìdáhùn tí màá gbé bọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ dé Igbókòdá, mo bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ra gàrí àti epo. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Nígbà tí a kọjá Mólútehìn, mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí: iyì, ẹ̀tọ́, ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọdé. Ibi tí ilé ìyá wa wà tẹ́lẹ̀ ti di òkun. Wọ́n ti tú pákó rẹ̀, wọ́n tún un kọ́ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Mo bá a nídìí ààrò ẹja, èéfín bò ó, ó ń yí ẹja padà níkọ̀ọ̀kan.

“Purofẹ́sọ̀!” Ó nu ọwọ́ sára ìró. “Ọma ìyá mi, o ti ghá? Ìyàwó ńkọ́? Jókòó kúrò nínú èéfín.”

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo jókòó sórí àpótí, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mi. Mo sọ fún un nípa ìwé náà, mo sọ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó gẹ́ẹ́. Ṣé bí wọn yóò ṣe máa gbé ẹkún yín kiri títí ayé nìyẹn? Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́.” Ohùn mi tilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Mo wú ara mi lórí.

Ó ní kí n mú un kí òun rí i. Mo ṣí fóònù, mo fi bí ẹ̀yìn ìwé náà yóò ṣe rí hàn án. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó sún un mọ́ ojú, ó ní, “Wọ́n ti gé mi kúrò.”

“Gé yín kúrò kẹ̀? Ẹ̀yin ló kún gbogbo rẹ̀ yẹn.”

“Ọghọ́ mi dà?”

Mo ní ọwọ́ ọmọ náà nìyẹn, ó nà án sí ife. Ó tún wo fóònù, ó wò mí, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. “Ṣé o fẹ́ kí n kọ̀? Màá kọ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ojú ń tì ọ́.”

“Ojú ń ti èmi? Nítorí kí ni?”

“Nítorí gáùn mi tí o wọ̀.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé èéfín ti wọ̀ ọ́ lórí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Éè ṣe èmi. Ùwọ ni ọmọ yìí.”

Èmi náà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán kí n gbà. Mo bá a jiyàn bí mo ṣe máa ń bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ mi jiyàn. Mo ní àjọ fúnra wọn kọ ọ́ pé ọmọbìnrin ni. Mo ní ìyá wa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní mo ti fi ọdún rẹpẹtẹ ka àwòrán yìí. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó fi igi ko iná, ó ní, “Ọghọ́ wo ni ọmọ yẹn fi gba ife?”

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Tíṣà mi ló fi ẹgba gbà á lọ́wọ́ mi ní kíláàsì kìíní, àmọ́ títí dòní, bí mo bá fẹ́ fi ọ̀bẹ gé nǹkan tàbí kí n ju òkò, òsì ló máa ń ṣáájú. Mo ti kọ ojú ìwé bíi mélòó kan nípa ọwọ́ òsì ọmọ yẹn. Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, mo tọ́ka sí i, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Kò sí ọjọ́ kan tí ó wá sí mi lọ́kàn láti wo ọwọ́ ara mi. Mo ti bi gbogbo arúgbó tó wà láti Ẹ̀tíkàn títí dé Awóyè ní ìbéèrè nípa mílíìkì yẹn, mo ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mi ò bi. Mi ò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí mílíìkì náà ṣe dùn tó.

Òun ló wá sọ ọ́ fún mi nídìí ààrò, bó ti ń yí ẹja. Ó ní mo fi ẹkún pa gbogbo ilé nítorí mílíìkì náà. Bí wọ́n bá nà mí, mo ń sunkún, bí wọ́n bá bẹ̀ mí, mo ń sunkún. Òun ò sì lè gbé e wálé fún mi. Lọ́jọ́ kan ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó bọ́ gáùn rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún mi, òun wọ ṣòkòtò péńpé mi, ó dì mí lọ́wọ́ mú, a jọ tò sórí ìlà. Gbogbo ọmọ ni wọ́n ti fá lórí nítorí èkúkú tó ń mú wọn lórí, ta ni yóò mọ̀? Nígbà tó kan wa, obìnrin náà gbé ife lé òun lọ́wọ́ nítorí pé ojú òun ló mọ̀, òun sì gbé e fún mi. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin oníkámẹ́rà kan ya àwòrán náà.

“Kí ló dé tí mo wá ń sunkún? Ṣebí mílíìkì ti dé ọwọ́ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín músẹ́ yẹn. “Mo ti kọ́kọ́ mu ẹ̀kán kan kí n tó gbé e fún ọ. O rí mi. O ní gbogbo rẹ̀ ni o fẹ́.”

Omijé tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri ayé, omijé tí àwọn ìyá olówó rí tí wọ́n fi ṣí àpò, kì í ṣe ebi ló fà á. Ọmọ tó yó ni. Ó ń jowú ẹ̀kán mílíìkì kan ṣoṣo.

Mo béèrè ìdí tí ìyá wa kò fi sọ. Ó ní ìyá mọ ojú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ pé kì í ṣe òun tó ń gba mílíìkì ló wà nínú àwòrán, àwọn aláàánú lè ní a ti rẹ́ àwọn jẹ, kí wọ́n sì dá mílíìkì òun dúró. Nítorí náà àwòrán òun ni, ọ̀rọ̀ sì parí. “Èmi rò pé o mọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Gbogbo ìgbà tí àlejò bá ń wo ògiri, ńṣe ni o máa ń fajú ro. Mo ní ọkùnrin ni, gáùn ló ń tì í lójú. Mo bá ọ pa á mọ́.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́kọ́ rò, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Inú mi dùn. Orí mi wú. Èmi ni! Èmi ni mo wà lára ògiri yẹn, èmi ni wọ́n sọ di ńlá lẹ́nu ọ̀nà olú ilé iṣẹ́, èmi ni pásítọ̀ mi orí sí! Mo dìde láti wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo fẹ́ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ìwé.

Mo ti dé orí afárá pákó kí n tó ṣí odindi àwòrán náà lórí fóònù, èyí tí wọn kò gé. Mo wo ojú ara mi, ojú ọmọ tó sanra tó ń pariwo. Lẹ́yìn náà ojú mi lọ sí etí, sára ọwọ́ kékeré yẹn. Apá náà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé egungun ọrùn ọwọ́ yọ síta. Báwo ni mo ṣe pe ìyẹn ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì? Ọmọ tí wọ́n wọn apá rẹ̀ tí wọ́n ní ebi fẹ́ pa á, òun ló ń gbé oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò pa. Bí mo ti dúró síbẹ̀, owú tí mo ti ń jẹ láti kékeré kò kúrò. Ó kàn ṣí kúrò lára ojú ni, ó sì lọ bà lé ọwọ́ yẹn. Nínú gbogbo ìwé tí mo kọ lórí àánú, mi ò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni.

Mo padà sídìí ààrò. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn?”

“Ta ló rántí?”

Mo gbé fóònù sí i lẹ́nu pé kó sọ èyí tó bá wù ú fún wọn. Ó yí ojú kúrò. Ó ní kì í ṣe òun ni wọ́n ń bi, ojú mi ni, kí n dáhùn fúnra mi. Mo bá fi ohùn ara mi sílẹ̀. Mo sọ pé èmi ni ọmọ náà, pé mo gbà kí wọ́n lo àwòrán náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ọwọ́ etí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò kọ orí àkọ́kọ́. Mo sọ ẹni tó ni ọwọ́ náà. Bí mo ti ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé láti ìsinsìnyí lọ, ní gbogbo àpérò, ọwọ́ náà ni wọn yóò máa béèrè, owú náà sì tún ta mí díẹ̀.

Púpurú, oúnjẹ gbágùúdá tó gbé kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ti jinná. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹja tó sanra jù lórí ààrò, ó já a sí méjì, ó bu díẹ̀ nínú ìlàjì kan sẹ́nu ara rẹ̀, ó sì na ìyókù sí mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á, mi ò sì mọ̀ títí mo fi gbà á tán.

“Má sunkún o,” ló wí.